Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Àmì Inú Pátákó Ọrùn Gìtá

Àwọn àmì róbótó tó ń dán lọ́rùn gìtá kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, nítorí pé àwọn ni ojú olórin ń wá nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń sáré lórí okùn. Lórí ọ̀pọ̀ gìtá onígi tí kò lo iná, àyè fírẹ́ẹ̀tì (irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn gìtá) kẹta, ìkarùn-ún, ìkeje, ìkẹsàn-án, ìkejìlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n máa ń wà, ìkejìlá sì sábà máa ń gba méjì kí ó lè dá yàtọ̀. Èyí tí wọ́n fi ike ṣe lè pọ́n tàbí kí ó súnkì bí ọdún ti ń gorí ọdún, títí yóò fi mì nínú ihò rẹ̀. Ẹlòmíràn sì wà tí gìtá rẹ̀ kò ní àbùkù kankan, ṣùgbọ́n tó fẹ́ fi ìkarahun òkun rọ́pò ike. Iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe nílé fún ẹni tó ní sùúrù. Bí gìtá náà bá jẹ́ ti àtijọ́ tó níye lórí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí ara iye rẹ̀ ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ló yọ, tí kò sì sọnù, ẹ kàn gbọn gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ padà.

Ohun tó yẹ kí ó ṣáájú ni wíwọ̀n. Àmì róbótó tó jẹ́ mìlímítà 6 àti èyí tó jẹ́ ìdámẹ́rin ínṣì, ìyẹn mìlímítà 6.35, jọra lójú, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò lè dúró dáadáa nínú ihò èkejì. Ẹ ra àmì tuntun tó bá ihò mu gẹ́lẹ́ tàbí tó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ, kí ẹ má ṣe ra èyí tó kéré, nítorí pé a lè gbẹ́ igi kúrò, ṣùgbọ́n igi tí a ti gbẹ́ kúrò kò rọrùn láti dá padà. Ìkarahun tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 1.3 sí 1.5. Àwọn oníṣẹ́ ayé àtijọ́ a máa lo eyín erin àti èèpo ẹ̀yìn ìjàpá òkun, ṣùgbọ́n CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, ti ká òwò méjèèjì lọ́wọ́ kò láàárín orílẹ̀-èdè, kò sì yẹ kí a wá wọn kiri mọ́.

Ẹ tú gbogbo okùn kúrò, kí ẹ fi aṣọ kíká gbé ọrùn gìtá ró, kí ẹ sì fi pépà bo ihò ńlá tó wà láyà rẹ̀ kí eruku má bàa wọ inú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi téèpù bo àwọn fírẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí ibi tí ẹ ó ti ṣiṣẹ́.

Bí àmì àtijọ́ bá jẹ́ ike, ẹ lu ihò tín-ín-rín kan sí àárín rẹ̀, kí ẹ yí síkúrù kékeré sínú ihò náà, kí ẹ sì fi ẹ̀mú fà á sókè tààrà. Ẹ má ṣe fi irin gbígbóná kan ike láéláé, nítorí pé celluloid, tí wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú àwọn ike àtijọ́, máa ń tètè gbiná. Ìkarahun ló yẹ fún ooru: ẹ fi ẹnu irin tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé lé e fún ìgbà díẹ̀, gọ́ọ̀mù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yóò sì rọ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gbé e. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba gìtá jẹ́, nítorí pé wọ́n máa ń fi etí igi ṣe ibi tí ọ̀bẹ yóò fẹ̀yìn tì, etí ihò á sì fọ́. Bí kò bá gbé, ẹ tún un gbóná, ẹ má ṣe fipá mú un.

Ihò ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. Ẹ gbọn gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fi tẹ́jú, nítorí pé àmì tó bá jókòó sórí kókó kan yóò máa mì. Bí ẹ bá fẹ́ ìrísí mìíràn, bí ewé tàbí ìràwọ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ dá a dúró sójú igi, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ fa ìlà yí i ká, kí ẹ gbé e kúrò, kí ẹ sì fi ẹfun pa ìlà náà kí ó lè hàn lára igi dúdú. Inú ìlà ni kí ẹ ti máa gbẹ́, kí ẹ sún dé orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa dán àmì wò lemọ́lemọ́. Pátákó ọrùn náà kì í sábà nípọn ju nǹkan bí mìlímítà 6 lọ, ọ̀pá irin tó ń gbé ọrùn ró sì sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ so téèpù mọ́ irin tí ẹ fi ń lu ihò níbi tó fi díẹ̀ dín sí ìnípọn àmì yín, kí ẹ má ṣe kọjá mìlímítà 1.5.

Ẹ rántí pé pátákó yìí tẹ̀ bí ẹ̀yìn ṣíbí. Fún àmì róbótó kékeré, èyí kò jámọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n bí àmì bá fẹ̀ tó mìlímítà 40, lórí pátákó tí ìtẹ̀sí rẹ̀ jẹ́ ti òbíríkítí tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 12, etí méjèèjì yóò pàdánù nǹkan bí mìlímítà 0.65 nígbà tí ẹ bá yún un dé ojú igi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìkarahun náà. Ẹni tó bá gbẹ́ ihò jìn jù yóò rí i pé àárín àmì ti wọ ilẹ̀ kí etí rẹ̀ tó bá igi dọ́gba.

Fún igi dúdú, súpà gúlù tàbí gọ́ọ̀mù epoxy ló dára. Ẹ lo gọ́ọ̀mù lásán sí abẹ́ ìkarahun kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa ṣú, kí ẹ sì po lẹ́búlẹ́bú igi irú kan náà mọ́ èyí tí ẹ ó fi dí àlàfo etí rẹ̀. Súpà gúlù máa ń fi àbàwọ́n sí igi funfun, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi shellac, irú fáníìṣì kan, pa á. Ẹ jẹ́ kí àmì yọ sókè bí ìdá kan nínú mẹ́wàá sí méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà, kí ẹ sì fi epoxy sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ìkarahun le ju igi lọ. Bí ẹ bá fi ìka ti sáńpépà, igi ni yóò máa jẹ, ìkarahun yóò sì dúró bí òkúta nínú kòtò. Ẹ wé sáńpépà mọ́ igi líle kékeré tó wọ àárín fírẹ́ẹ̀tì méjì, tí ẹ ti gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ìtẹ̀sí pátákó mu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti sáńpépà nọ́ńbà 320, kí ẹ lọ sí 400, kí ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú 600, kí ẹ sì máa tẹ̀lé ìlà igi. Ẹ lo ìbòmú títí ẹ ó fi nu eruku tán pẹ̀lú aṣọ tútù, nítorí pé eruku ìkarahun léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fẹnu fẹ́ ẹ.

Fi epo mineral díẹ̀ pa igi dúdú tí a kò kun, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Kí ẹ tó so okùn, ẹ tan iná sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn gìtá kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba orí pátákó kọjá, ẹ ó sì rí ibi tí òjìji àmì ṣì wà. Ẹ padà sí 400 níbẹ̀, kí ẹ sì tún un yún.