Jìtá Tó Wà Lórí Kọ́bọ́ọ̀dù: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí Ọmọ Bá Ń Kọ́ Jìtá Nílé

Ilé tí wọ́n bá ti pè mí pé kí n wá máa kọ́ ọmọ wọn ní jìtá, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni pé, "Jìtá ọ̀hún dà?" Bí bàbá ilé bá gbé àga, tó gun orí rẹ̀, tó fa àpò dúdú kan yọ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí eruku ń dà sílẹ̀, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Orí ọmọ pé. Jìtá ni kò sí níbi tí ọmọ wà.

Owó gidi la fi rà á, a ò fẹ́ kó fọ́, la bá ń tọ́jú rẹ̀ bí aṣọ òkè ìgbéyàwó. Mo bẹ yín, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fi sí igun pálọ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọ á ti tó o. Bó bá ń lọ mu omi, á ta okùn kan. Bó bá ń bọ̀, á ta òmíràn. Ibi tí ẹ ò gbọdọ̀ gbé e sí ni inú bùútù mọ́tò nínú oòrùn, torí gúlù tó so pákó rẹ̀ pọ̀ máa ń rọ̀, pákó tó di okùn mú nísàlẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Nígbà ọyẹ́ nìkan ni mo máa ń ní kí wọ́n dá a padà sínú àpò. Ẹ lu ike ọṣẹ ní ihò, ẹ fi fóòmù tí ẹ ti fún omi rẹ̀ dànù sínú rẹ̀, ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ jìtá kí pákó má baà sán.

Àṣìṣe mìíràn, inú ọjà la ti ń ṣe é. À ń ra jìtá bí ẹni ń rán yunifọ́ọ̀mù: "Á dàgbà bá a." Jìtá àgbà tí okùn rẹ̀ jẹ́ irin, ọmọ ọdún méje ò lè gbá a mọ́ra, ejìká rẹ̀ á gbé sókè bí ẹni tí òtútù ń mú. Èyí tí wọ́n ń pè ní half tàbí three-quarter ni kí ẹ béèrè, kí okùn rẹ̀ sì jẹ́ nylon, torí òun ló rọ ìka lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbé e lé itan kí ẹ tó sanwó. Bí ọwọ́ òsì rẹ̀ bá dé ìparí ọrùn jìtá láìnà tàntàn, ó ṣe é. Bí okùn nylon bá sì já, ẹ má fi irin rọ́pò rẹ̀ nítorí pé irin lẹ rí rà. Irin máa ń fà gan-an ju nylon lọ, jìtá tí wọn ò ṣe fún un lè tẹ̀ tàbí kó ya.

Kí ọmọ máa ta jìtá tí ohùn rẹ̀ ti yẹ̀, ìyẹn ni mo ń pè ní ìwà ìkà tí a ò mọ̀ọ́mọ̀ hù. Ó tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀, ohùn burúkú jáde, ó rò pé òun ló ṣe é. Láti okùn tó nípọn jù dé èyí tó tín-ín-rín jù, orúkọ ohùn wọn ni E, A, D, G, B, E. Áàpù ọ̀fẹ́ wà lórí fóònù tó ń gbọ́ okùn, tó sì ń sọ bóyá kí ẹ fà á le tàbí kí ẹ dẹ̀ ẹ́. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Okùn tín-ín-rín yẹn ti já lójú mi rí, ó sì na bàbá kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹgba.

Sátidé ni àwa òbí fẹ́ràn. Ọmọ ò ní fọwọ́ kan jìtá látọjọ́ Mọ́ńdè, tó bá wá di Sátidé, wákàtí méjì gbáko. Ìka á máa ta á, inú á máa bí i, tó bá sì fi máa di Sátidé mìíràn, ọwọ́ ti gbàgbé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ sàn jù ú lọ. Awọ orí ìka nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó yi. Ẹ sọ fún un pé ìrora yẹn á lọ, kó sì sinmi bó bá ní ó ń dun òun. Ẹ so ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn mọ́ ohun tí kì í yẹ̀ nílé, bíi lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ó tún dáa bẹ́ẹ̀, jìtá pákó ò bèèrè iná. Ohùn tí ẹ fi ń pè é síbẹ̀ ńkọ́? "Ó yá, lọ gbé jìtá ẹ!" bí ẹni ń sọ pé "Lọ fọ abọ́!" Ọmọ á gbé e bí ẹni gbé abọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kí wọ́n fi kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n á ní kí ọmọ tẹ F, kí ìka kan dùbúlẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ okùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ àgbàlagbà tí kọ́ọ̀dù yẹn lé kúrò nídìí jìtá. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá ní ọ̀nà tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí dò re mí ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́.

Okùn kẹta láti ọ̀dọ̀ èyí tó tín-ín-rín jù, G, ẹ ta á láìtẹ nǹkan kan: dò. Ẹ tẹ okùn yẹn kan náà ní fret kejì, ìyẹn àlàfo kejì, láti orí jìtá, láàárín àwọn irin tó dábùú ọrùn rẹ̀: re. Okùn kejì, B, ẹ ta òun náà láìtẹ̀: mí. Ìka kan ṣoṣo, ohùn mẹ́ta. "Bàtà", dò dò. "Ọmọ", re re. "Ilé", re mí. "Ọkọ̀", re dò. Eré náà ni pé kí ọmọ fi jìtá dárúkọ nǹkan kan, kí àwọn ará ilé máa wá ohun tó sọ.

Nílé kan, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ ta dò, ó ta mí. Bàbá rẹ̀ dáhùn láti orí àga: "Èmi nìyẹn. Bàbá!" Ìyá rẹ̀ yọrí láti kíṣìnnì: "Ta ló sọ fún yín? Ìyá ló pè." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ìwé ni mo sọ o, kò sẹ́ni tó gbọ́ nínú yín." Kò dáwọ́ dúró títí mo fi lọ, kò sì sẹ́ni tó ní kó wá dánra wò.

Inú eré yẹn ni mo ti ń tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Kí ìka sún mọ́ irin fret láti ẹ̀yìn, kó má gun orí rẹ̀. Bó bá jìnnà sí i, okùn á máa kùn bí eṣinṣin. Àtàńpàkò, ẹ̀yìn ọrùn jìtá. Èékánná ọwọ́ òsì, ẹ gé e.

Ẹni tó bá rò pé eré ọmọdé lásán nìyẹn, kó lọ tẹ́tí sí jùjú dáadáa, bóyá ti Ebenezer Obey ni tàbí ti Sunny Ade. Jìtá àti gángan níbẹ̀ ń dá ara wọn lóhùn ni. Àwọn tó ń ta jìtá nídìí ẹmu láyé àtijọ́ pàápàá, àtàńpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ta á. Ẹ má bá ọmọ jà pé ìka méjì ló ń lò.

Kọ́ọ̀dù á dé láyè tirẹ̀. Em ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀, ìka méjì péré ni, lẹ́yìn ìyẹn la ó kan G, C àti D. Kí ọmọ kọ́kọ́ fi àtẹ́wọ́ pa ìlù orin náà kó tó fọwọ́ kan okùn. Bó bá sì ń wo YouTube, ẹ bá a dín ìyára fídíò kù sí 0.5. Orin kan tó mọ̀ dópin sàn ju ogún tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ wọn lọ.

Ẹ dákun, ẹ má máa pe ọmọ síwájú àlejò ní ọ̀sẹ̀ kẹta pé "Wá ta á fún Dádì Tọ́pẹ́ kí wọ́n gbọ́." Bó bá fúnra rẹ̀ gbé jìtá wá, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbọ́ ọ.

Àwa olùkọ́ náà ní tiwa. Àwọn kan nínú wa, bí a bá ti gba jìtá lọ́wọ́ ọmọ pé kí a "fi hàn án", ó di ìgbà tí àkókò bá pé kó tó rí i gbà padà. Ẹ lè mọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ ẹ̀kọ́, ẹ bi ọmọ pé orin wo ló ta lónìí. Bó bá ní, "Àńkù ló ta á, ó dùn gan-an," ẹ ti mọ ẹni tí ẹ ń sanwó fún kó wá máa kọ́ jìtá nílé yín.