Bí A Ṣe Ń To Àga Ọ́fíìsì Inú Páálí, àti Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Ó Bá Ara Mu

Èyí tó pọ̀ jù nínú àga ọ́fíìsì tí wọ́n ń gbé wá bá mi ní Ṣàgámù pé ó ń mì, pé ó ń dún, àga náà kò bàjẹ́ rárá. Ẹni tó tò ó ló kánjú.

Ẹ rọra tú páálí rẹ̀, ẹ má ya á, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí sìmẹ́ńtì má baà họ awọ àga. Ẹ da bóòtù sínú àwo, kí ẹ ya gígùn kúrò lára kúkúrú. Táyà 5 kò nílò irinṣẹ́: ẹ dojú ẹsẹ̀ àga délẹ̀, kí ẹ tẹ̀ wọ́n wọlé títí wọn yóò fi dún kọ́.

Ibi bóòtù ni iṣẹ́ wà. Ẹ má fún ìkankan le títí gbogbo wọn yóò fi wọlé. Bí ẹ bá fún àkọ́kọ́ le tán, irin yóò fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ihò ìkẹrin kò sì ní ṣe déédéé mọ́. Ìgbà yẹn ni èèyàn máa ń fipá wa bóòtù, tí yóò gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, tí yóò sì jẹ eyín ihò náà. Ihò tí eyín rẹ̀ bá ti jẹ, òfo ni bóòtù yóò máa yí nínú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan. Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, apá òsì àga ti já.

Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yí bóòtù sí òsì díẹ̀ títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé ó bọ́ sójú rẹ̀, kí ẹ tó máa yí i sí ọ̀tún. Bí ó bá le kí ó tó yí po lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ tú u, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wọlé, ẹ wá máa fún wọn díẹ̀díẹ̀ bí àwọn fọkanáísà ṣe ń de táyà mọ́tò: ọ̀kan níhìn-ín, èyí tó dojú kọ ọ́ lọ́hùn-ún. Ẹ má lo ẹ̀rọ oníná. Irin kékeré bíi lẹ́tà L tó wà nínú páálí tó. Bí ó bá ń dun ọwọ́ yín, ẹ fi àkísà wé e.

Ọfà ara irin abẹ́ ìjókòó gbọ́dọ̀ kọjú síwájú. Ẹ tún un wò kí ẹ tó gbé ìjókòó lé òpó gáàsì, òpó àárín tó ń gbé àga sókè sódò, torí tí ẹ bá ti jókòó lé e, yíyọ rẹ̀ nira. Ẹ má fi gírísì sí òpó náà, ẹ má sì fi hámà lù ú: gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Ìjókòó ìṣẹ́jú 2 kò fi nǹkan kan hàn. Wákàtí 1 ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Kí àtẹ́lẹsẹ̀ délẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ bá tábìlì dọ́gba, kí ìka 2 tàbí 3 lè wọ àárín etí ìjókòó àti ẹ̀yìn orúnkún. Tábìlì tí káfíńtà kàn fún wa máa ń ga. Bí ẹ bá gbé àga sókè tí ẹsẹ̀ ń rọ̀, ẹ fi pákó sábẹ́ ẹsẹ̀. Táwẹ́ẹ̀lì tí a ká yóò gbe ìbàdí tí ẹ̀yìn àga kò bá kàn. Ṣùgbọ́n bí egungun ìdí bá ń kan pákó inú ìjókòó, fóòmù ló fẹ́lẹ́, kò sí àtúnṣe. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, nínú páálí rẹ̀.

Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ 1, kí ẹ tún dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ sì fún gbogbo bóòtù lẹ́ẹ̀kan sí i.