Bí Mo Ṣe Gun Àtẹ̀gùn 366 ní Bruges

Ẹni tó bá wọ bàtà gogoro dé Bruges, kó yáa bọ́ ọ sí òtẹ́ẹ̀lì kó tó lọ sí Belfort. Nígbà tí mo gbọ́ pé àtẹ̀gùn 366 ló wà níbẹ̀, mo ní kí ni ìyẹn fún ẹni tó ti pọnmi gun òkè n'Íbàdàn rí? N kò tíì dé ìdajì tí orúnkún fi ń dá mi lóhùn.

Belfort ni ilé ìṣọ́ agogo tó dúró sí Markt, gbàgede ọjà àtijọ́ ní ìlú Bruges, ní Bẹ́ljíọ̀mù. Àárọ̀ kùtù ni mo lọ, torí èèyàn níwọ̀nba ni wọ́n ń jẹ́ kó gòkè lẹ́ẹ̀kan náà.

Yàrá ìṣúra ni mo kọ́kọ́ kàn, níbi tí wọ́n ti ń kó ìwé ìlú pamọ́ sẹ́yìn irin láyé àtijọ́. Iná jó ilé yìí ní 1280, ó sì run ìwé ìlú tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó tún un kọ́ kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìwé mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà há, ó ń lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀ bọ̀, ẹ̀yin méjèèjì a fẹ̀yìn lẹ ògiri, ẹ ó máa bẹ ara yín.

Àgbá idẹ ńlá kan ló dá mi dúró pẹ́ jù. Láti 1748 ló ti wà níbẹ̀. Èèkàn kéékèèké kún ara rẹ̀. Tó bá ń yí, èèkàn á gbé ọ̀pá irin, ọ̀pá á fa wáyà, òòlù á sì lu agogo lókè. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má kánjú kúrò níbẹ̀. Èèyàn náà máa ń lù ú o: ìkúùkù ni yóò fi máa gbá igi tó so mọ́ agogo, ẹsẹ̀ ni yóò sì fi tẹ ti àwọn ńlá. Agogo 47! Àwọn àyàn ilé wa ìbá fẹ́ràn iṣẹ́ yìí.

Mítà 83 ni gíga ilé náà. Lókè, afẹ́fẹ́ fẹ́ gba gèlè lórí mi. Òrùlé pupa lọ rẹrẹ nísàlẹ̀. Mo ya fọ́tò mẹ́ta péré, ọwọ́ ń gbọ̀n.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, mo ra ọ̀dùnkún díndín ní ẹsẹ̀ ilé náà gan-an. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́, agogo tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan gbójú sókè. Èmi ń ro àgbá tó ń yí.