Glycerine Láti Ya Omi Kúrò Lára Ethanol: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Iṣẹ́ Náà Jẹ́

Ẹni tó ń se ògógóró láti inú ẹmu mọ̀ pé bó ti wù kó tún un sè tó, agbára ọtí náà ní ibi tó ń dúró sí. Bí ethanol, ìyẹn ọtí gan-an tó wà nínú rẹ̀, bá ti dé 95.6% ní ìwúwo, òun àti omi yóò jọ máa hó ní 78.2°C, kò sí èyí tó ń ṣáájú èkejì mọ́. Glycerine tí à ń fi pa ara nígbà ọyẹ́ lè tú wọn ká, torí omi ló máa ń dì mú. Kì í sì í ṣe májèlé bí ethylene glycol tó ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ẹ má dà á mọ́ ọtí inú ìkòkò kí ẹ wá máa retí iṣẹ́ ìyanu. 290°C ló ń hó, kò ní bá ooru gòkè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú òpó lókè, ìyẹn páìpù gíga tí ooru ọtí ń gbà gòkè, ni omi àti ethanol ti tún ń so mọ́ra. Ẹ gba òkè òpó dà á sínú, lókè ibi tí ọtí ń gbà wọlé, kí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè rẹ̀ kó má baà bá ethanol jáde. Kìlò kan sí kìlò ọtí kan dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú un gbóná dé nǹkan bí 75°C. Èyí tó tutù ki bí oyin, yóò dí òpó náà.

Èyí tó ń tan àwọn tó mọ ọtí sè jẹ jù ni ti ethanol tí à ń dá padà sórí òpó. Nínú sísè lásán, bí ẹ bá ṣe ń dá a padà tó ni ọtí ń mọ́ tó. Níbí, àdápadà àpọ̀jù ń bu omi la glycerine lágbára ni, ọtí á sì tún padà ní omi nínú.

Glycerine ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Ìgò tí ẹ kò dé ní Ìkéré nínú òjò oṣù keje ti bàjẹ́ fún iṣẹ́ yìí. Èyí tí ẹ ti lò rí, ẹ fi fakúùmù, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, fa omi rẹ̀ kúrò ní 120 sí 150°C. Iná àjùlọ ń sọ ọ́ di acrolein, tó ń ta ojú àti ọ̀fun burúkú.

Ẹ yẹra fún glycerine dúdú tó ṣẹ́kù lára bíodísẹ́ẹ̀lì, ìyẹn dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi epo ewéko tàbí ọ̀rá ṣe. Methanol, ọtí olóró, máa ń wà nínú rẹ̀, á sì bá ethanol gòkè. Methanol ló pa èèyàn ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi ti tán, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé haidrómítà, irinṣẹ́ tí à ń fi wọn agbára ọtí, tí wọ́n ṣe fún 20°C nínú ọtí tó wà ní 30°C, torí yóò pe agbára ọtí ju bó ṣe rí lọ. Ẹ bu copper sulphate funfun tó gbẹ díẹ̀ sínú rẹ̀. Bó bá di búlúù, omi ṣì wà níbẹ̀.