Ẹ Má Mu Kunu Wá: Bí Ẹ Ṣe Máa Múra fún Síkáànù Àpò Òróòro

Síkáànù ni iṣẹ́ mi, ní Kubwa níbí, l'Ábújá. Tí ẹnì kan bá gbé ìwé dókítà wá pé ká yẹ àpò òróòro òun wò, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé, "Kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?" Wọn á ní àwọn ò jẹ nǹkan kan. Màá tún bi wọ́n pé, "Ẹ ò mu nǹkan kan náà?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń jáde. "Kunu lásán ni, kò tiẹ̀ kún ife." "Tíì ni mo mu," tíì tí mílíìkì ti sọ di funfun. Àlàájì kan bá mi jiyàn títí pé fura da nono, ìyẹn jéró tí wọ́n pò mọ́ wàrà kíkan, kì í ṣe oúnjẹ, omi ni. Lójú àpò òróòro, oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀, nono ló sì burú jù nínú wọn nítorí ọ̀rá inú rẹ̀.

Ẹni tó bá ti tú inú adìẹ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Àpò kékeré aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀ ni, èyí tí àwọn ìyá wa máa ń kìlọ̀ pé ká rọra yọ, torí tó bá fi lè bẹ́ sára ẹran, ọbẹ̀ ti korò nìyẹn. Tiwa náà wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀, ní apá ọ̀tún, níbi tí egungun ìhà parí sí. Gígùn rẹ̀ máa ń tó sẹ̀ntímítà 7 sí 10, ohun tó sì ń gbà kò ju mìlílítà 30 sí 50 lọ, bíi ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta. Òun kọ́ ló ń ṣe òróòro o. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, ó sì lè ṣe tó lítà kan lójúmọ́. Àpò yìí kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni, ó ń fa omi inú rẹ̀ kúrò kó lè ki. Ọ̀nà tóóró kan ni òróòro ń gbà wọ inú àpò, ibẹ̀ náà ló ń gbà jáde. Ọ̀nà yẹn lọ pàdé èyí tó ń bọ̀ láti ẹ̀dọ̀, àwọn méjèèjì di ọ̀kan, wọ́n sọ̀kalẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ pancreas (ẹ̀yà ara tó ń ṣe omi tó ń bá oúnjẹ dà) kọjá, wọ́n sì ṣí sínú ìfun kékeré. Ẹ fi oríta yẹn sọ́kàn, a ṣì ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Bí ọ̀rá bá ti dé inú ìfun, ìfun á tú ohun kan tí wọ́n ń pè ní cholecystokinin sínú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí àpò sún kì, kó fún òróòro jáde lọ bá ọ̀rá náà, kó lè túká. Iṣẹ́ rere ni. Àmọ́ tí mo bá wá gbé ẹ̀rọ lé inú yín lẹ́yìn náà, àpò ti rún pọ̀ bí ọ̀rá píọ̀-wọ́tà tí wọ́n ti fa omi inú rẹ̀ mu. Ara rẹ̀ á dà bíi pé ó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, òkúta kékeré sì lè sá pamọ́ síbẹ̀. "Contracted" ni màá kọ sínú èsì, dókítà á ní kẹ́ ẹ padà lọ ṣe òmíràn, owó méjì.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ tètè jẹun, kó má kọjá aago 8, kó sì jẹ́ ohun tí kò lọ́ràá: tuwo àti ọbẹ̀ tí epo ò léfòó lórí rẹ̀, tàbí iṣu sísè. Ẹ jẹ́ kí suya àti kílíṣí sinmi. Láti ìgbà náà, omi lásán nìkan, títí ẹ ó fi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Wákàtí 6 ló kéré jù, 8 ló dáa jù. Ẹ má jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ẹ má mu sìgá. Afẹ́fẹ́ lẹ máa gbé mì, ẹ̀rọ mi kì í sì í ríran kọjá afẹ́fẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ fi omi díẹ̀ lò ó bí ẹ ṣe máa ń lò ó. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ sọ fún wa nígbà tó bá ń gba ọjọ́, ká lè fi í síwájú láàárọ̀. Kó sì bi dókítà rẹ̀ léèrè ohun tó máa ṣe sí abẹ́rẹ́ tàbí oògùn ṣúgà òwúrọ̀ náà, torí bó bá lò ó láìjẹun, ó lè dá a kú sórí ìjókòó. Èsì síkáànù àtijọ́, tó bá wà, ẹ mú un dání. Ìwé dókítà gan-an sì ni kẹ́ ẹ mú wá, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀ tó ti ṣú lórí fóònù.

Oṣù Ramadan ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó jẹ sààrì, tó wá bá mi lẹ́yìn ìrun Alásárì, àpò rẹ̀ máa ń kún dẹ́dẹ́. Ṣùgbọ́n aláààwẹ̀ kì í mu omi, kí aláìsàn má fi ìyẹn ṣe àwòkọ́ṣe, pàápàá ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀jẹ̀ pupa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń yára bàjẹ́. Bilirubin, èròjà aláwọ̀ ìyeyè tó ń ti ara rẹ̀ jáde, máa ń pọ̀ jù nínú òróòro, á sì dì di òkúta dúdú. Ìdí nìyí tí a fi ń rí òkúta lára ọmọ tó ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́. Bí inú bá ń run ọmọ náà ní apá ọ̀tún, gbogbo ilé á ní kíráísìsì, ìrora ńlá àìsàn náà, ni. Àìrómi mu lè dá kíráísìsì tòótọ́ sílẹ̀, nítorí náà ẹ máa fún un lómi dáadáa, kẹ́ ẹ sì ní kí a ṣe tirẹ̀ ṣáájú. Tó bá ṣì kéré, kò nílò wákàtí 8. Nǹkan bíi wákàtí 4 ti máa ń tó.

Lọ́jọ́ náà, ẹ wọ bùbá àti ìró, tàbí ẹ̀wù àti ṣòkòtò. Jalabíà gígùn á jẹ́ ká jọ máa bá aṣọ jà. Jẹ́ẹ̀lì tí màá fi sí yín níkùn tutù, kì í ṣe oògùn, ó máa nù kúrò. Màá ní kẹ́ ẹ mí kanlẹ̀ sínú, kẹ́ ẹ dá èémí dúró. "Ja numfashi, riƙe" ni mò ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, torí mímí yẹn ló ń ti ẹ̀dọ̀ wá sísàlẹ̀ kúrò lábẹ́ egungun. Lẹ́yìn náà ẹ ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Òkúta máa ń tàn yanran lójú ẹ̀rọ, á sì sọ òjìji dúdú gbọọrọ sẹ́yìn. Bí ẹ bá yí, òun náà á yí. Èyí tí kò yí, tí kò sì lójìji, ó lè jẹ́ ẹran tó hù sínú àpò. Tí mo bá tẹ ojúkò àpò, tó sì dùn yín gan-an, ẹ má ṣe akin. Ẹ sọ ọ́, torí ìrora yẹn gan-an wà lára ohun tí màá kọ.

Tí ìwé bá dé ọwọ́ yín, "calculus" tàbí "calculi" ni òkúta. "Sludge" ni òróòro tó ti ki jù. "Wall thickness" ni bí ara àpò ṣe nípọn: kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 3 lọ. "CBD" ni ọ̀nà ńlá tó ṣí sínú ìfun. Bó bá ju mìlímítà 6 lọ, dókítà á fẹ́ mọ ohun tó dí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti arúgbó máa ń fẹ̀ díẹ̀ sí i.

Rírí òkúta nínú ìwé kò túmọ̀ sí iṣẹ́ abẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé e kiri tí kò dà wọ́n láàmú rí, dókítà sì sábà máa ń fi tiwọn sílẹ̀. Èyí tó bá ń dani láàmú, ẹ óò mọ̀ ọ́n: lẹ́yìn oúnjẹ olóròóró, ìrora á mú yín lábẹ́ ìhà ọ̀tún tàbí àárín àyà sísàlẹ̀, á gùn dé èjìká ọ̀tún, á sì dúró fún wákàtí. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti lé ní 40, tó ti bímọ, tó sì sanra ló ń bá mi pẹ̀lú òkúta lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé oògùn ọgbẹ́ inú mì títí. Fún irú wọn, yíyọ àpò náà ni ìtọ́jú. Carl Langenbuch ló kọ́kọ́ yọ ọ́ ní Berlin lọ́dún 1882. Ọdún 1985 ni Erich Mühe, ọmọ Jámánì bíi tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ihò kéékèèké yọ ọ́. Ara á ṣì máa ṣiṣẹ́ láìsí i: ẹṣin tó ń sáré níbi Dọ́bà Kano kò ní àpò òróòro, ràkúnmí náà kò ní. Òróòro á kàn máa ti ẹ̀dọ̀ sàn tààrà sínú ìfun ni.

Àwọn tó ń mu epo ólífì àti oje ọsàn wẹ́wẹ́ láti fi fọ òkúta jáde, ẹ jọ̀ọ́. Nǹkan róbótó aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, epo tí wọ́n mu ló di ọṣẹ nínú ìfun. Mo ti ṣe síkáànù fún irú wọn lẹ́yìn fọ́tò náà, òkúta wọn ṣì jókòó síbi tó wà.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n wá sọ́dọ̀ mi rárá. Ẹni tí ìrora náà kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan, tí òtútù àti ibà dà pọ̀ mọ́ ọn, tí ẹyinjú rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, tí ara ń yún, òkúta ti lè bọ́ sí oríta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ó lè dí ọ̀nà, kí kòkòrò àrùn gba ibẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀, tàbí kó mú pancreas wú. Níhìn-ín, agbo ibà pọ́njú àti oògùn ibà láti kẹ́míìsì ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń sá lọ rà. Ẹ wo ìgbẹ́ ẹni náà. Ibà ẹ̀fọn lè pọ́n ojú, kì í sọ ìgbẹ́ di funfun. Bí ìgbẹ́ bá ti funfun, tàbí tí àwọn àmì tí mo kà yẹn bá wà, ilé ìwòsàn ńlá Gwagwalada tàbí National Hospital ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ibi tí wọ́n ń gba aláìsàn pàjáwìrì, yálà ó jẹun ni o, kò jẹun ni o.