Bí Ọmọ Kò Bá Dáhùn Orúkọ Rẹ̀: Ìtọ́sọ́nà Lórí Ọ́tísímù fún Àgbẹ̀ àti Agboolé

Bí ọmọ bá ti pé ọdún kan, tí a pe orúkọ rẹ̀ tí kò bojú wẹ̀yìn, tí kì í na ìka sí ohun tó wù ú, tí kì í wojú ìyá rẹ̀ kó rẹ́rìn-ín, ó yẹ kí ara fu òbí pé ó lè jẹ́ ọ́tísímù. Bó bá pé oṣù 18 láìsọ ọ̀rọ̀ kankan, tàbí tó ti ń pe "màmá" tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, ẹ má fi falẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn á máa to ìdérí ìgò sórí ìlà láti àárọ̀ dọ̀sán, tàbí kí wọ́n máa tún ohun tí a bá sọ sọ bí ayékòótọ́. Bí ẹ̀rọ ìlọta bá dún, wọ́n á di etí, wọ́n á bú sẹ́kún.

Ìyá àgbà á ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó fọhùn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kàn pẹ́ kó tó fọhùn ṣì máa ń fi ọwọ́ àti ojú sọ tiẹ̀. Ibi tó yẹ kí ẹ wò nìyẹn.

Ọ̀nà ọ̀tọ̀ tí ọpọlọ ọmọ gbà dàgbà ni ọ́tísímù. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe àìmọ ọmọ tọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ẹnì 1 nínú ènìyàn 127 ló ní in ní ọdún 2021. Àjogúnbá ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń fà á. Kì í ṣe pé ìyá rẹ̀ rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún, nítorí náà kí àwọn àna yé fi ọ̀rọ̀ gún un lára. Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà kọ́ ló ń fà á, bí àwọn kan ṣe ń sọ. Dókítà Andrew Wakefield ló kọ ìwádìí tó dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ ní 1998. Ìwé ìṣègùn Lancet tó tẹ̀ ẹ́ jáde fagi lé e ní 2010, wọ́n sì yọ orúkọ Wakefield kúrò nínú ìwé àwọn dókítà lọ́dún kan náà. Ṣùgbọ́n éèyi ṣì ń pa ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà rẹ̀.

Kò sí oògùn tó ń mú ọ́tísímù kúrò. Ẹ gbàdúrà o, a ò ní kí ẹ má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti ní kí ọmọdé gbààwẹ̀, tàbí tí wọ́n fẹ́ dè é mọ́lẹ̀, ẹ gbé ọmọ yín kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ tó ní ọ́tísímù tún máa ń ní wárápá. Bí gìrì bá mú un, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Àgbo ìtọ̀ màlúù burú ju gìrì fúnra rẹ̀ lọ: ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi pé ọmọ lè kú. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Nínú ilé àti lóko

Ọ̀pọ̀ ọmọ wọ̀nyí fẹ́ràn omi, wọn ò sì mọ ewu. Ẹ dé kànga, kí ẹ fi àgádágodo tì í. Ẹ má fi agbada tí ẹ fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ gbayawu. Ẹ má da oògùn ìgbó tàbí oògùn kòkòrò sínú ike omi tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láé. Paraquat, oògùn tó ń pa koríko, kò ní ẹ̀rọ̀. Ẹ̀kún ẹnu kan péré lè pa àgbàlagbà. Bó bá jẹ́ ọmọ tó máa ń rìn lọ, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù sínú aṣọ rẹ̀, kí ẹ sì fi ọmọ náà han àwọn ọlọ́kadà àti ọdẹ àdúgbò.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ yín jù. Bó bá fà yín lọ́wọ́ lọ sídìí ìkòkò, ẹ má tètè bù fún un. Ẹ sọ "ẹran", ẹ dúró, ẹ wojú rẹ̀. Bó bá ṣe ohùn kan tàbí tó nawọ́, ẹ fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iṣẹ́ tí kì í yí padà máa ń bá wọn lára mu: kíkó ẹyin, 30 sínú kéréètì kan, tàbí ṣíṣa kòkó tó bàjẹ́ kúrò lára èyí tó dára. Ẹ pín iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́. Ẹ bá a ṣe gbogbo rẹ̀, kó ku ẹyin ìkẹyìn fún un láti gbé sípò. Tó bá mọ ìyẹn, kí ó ku méjì. Bí ẹ ó bá lọ sọ́jà lọ́la, ẹ fi apẹ̀rẹ̀ ọjà hàn án lálẹ́, kí ìrìn àjò náà má bàa já lù ú. Ẹ má sì gbà fún ẹni tó bá ní kí ẹ fi Yorùbá sílẹ̀, kí ẹ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò dá ṣáká lẹ́nu yín fún un. Èdè méjì kì í dá ọ́tísímù sílẹ̀.

Ọkàn ọmọ, ọkàn ìyá

Ọmọ tí kò lè sọ pé "orí ń fọ́ mi" á jẹ ọwọ́ ara rẹ̀, á máa forí lu ògiri. Bí ìwà rẹ̀ bá yí padà lójijì, ẹ kọ́kọ́ wá ibà, etí ríro, eyín àti inú kíkún. Bí kò bá sí ìkankan níbẹ̀, tí kò sùn, tí kò jẹun, tí ohun tó fẹ́ràn kò sì wù ú mọ́, ìbànújẹ́ tàbí ìpayà lè ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ìyẹn ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ìyá tó ń jí sunkún lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, òun náà nílò dókítà. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn: àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ká ní Abẹ́òkúta ló gba àwọn aláìsàn ọpọlọ sílé nígbà tí Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ ní 1954.

Ibi tí ẹ ó lọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ gba ìwé lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé. Ẹ ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò kí wọ́n tó yẹ ohunkóhun mìíràn wò. Ilé ìwòsàn Aro, UCH n'Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ àti ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá l'Ékòó ní àwọn dókítà ọpọlọ.

Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 fún ọmọ tó ní àbùkù ara tàbí ti ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama. Bí ọ̀gá ilé ìwé bá lé e, ẹ ní kó kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀. L'Ékòó, LASODA, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ní àbùkù, ni kí ẹ lọ bá.

Lọ́jọ́ tí ẹ ó bá rí dókítà, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ dání. Ẹ ti fi fóònù ya fídíò ibi tó ti ń ṣeré, ibi tó ti ń jẹun àti ibi tó ti ń bínú, nítorí ọmọ tó ń pariwo nílé lè jókòó jẹ́ẹ́ níwájú dókítà. Ẹ tún kọ iye ọ̀rọ̀ tó lè sọ sílẹ̀.