Ìtàn Dídùn Kì í Gbé Àga Ró: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Fífi Ohun Àtúnlò Ṣe Dìsáìnì

Àga náà dùn-ún wò. Ìdérí ìgò ike ni wọ́n yọ́ ṣe é, àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ bí ìyẹ́ ọ̀kín, ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń ròyìn bí a ṣe lè gba ilẹ̀ ayé lọ́wọ́ ìdọ̀tí. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tó wá yẹ iṣẹ́ wò jókòó lé e, ẹsẹ̀ kan sì kán lójijì. Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe àga yẹn. Mo ti mọ ohun tí mo máa sọ nípa rẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo fi ṣe é, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Má sọ ọ́ di àga kí o tó mọ ohun tó jẹ́

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń kọ́kọ́ ya àwòrán fìtílà tàbí àga, ká tó wá máa wá ìdọ̀tí tí a ó fi ṣe é. Ohun èlò ló yẹ kó ṣáájú. Mú un lọ́wọ́. Tẹ̀ ẹ́, ya á, rẹ ẹ́ sómi, sá a sóòrùn, gbé nǹkan wúwo lé e fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni kí o tó bi í léèrè ohun tó lè dà.

Wo páálí. Ewé rẹ̀ kan ṣoṣo kò lè gbé ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1972, Frank Gehry tó ń yàwòrán ilé fi páálí ṣe àga tí wọ́n ń pè ní Wiggle. Ó lẹ ọ̀pọ̀ ìpele pọ̀, ó sì jẹ́ kí ihò inú ìpele kan dábùú ti èkejì, àgbàlagbà sì ń jókòó lé e láìfòyà. Shigeru Ban, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù, fi ọ̀pá oníhò tí wọ́n fi bébà ká kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí ìlú Kobe lọ́dún 1995 lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ní kó wà, ó sì lo ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó tú u, tí wọ́n gbé e lọ sí Taiwan. Kò sí ẹni tó fipá sọ bébà di igi nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí bébà mọ̀ ọ́n ṣe ni wọ́n wá rí.

Má sì lọ ra ohun tuntun kí o lè “tún un lò”. Mo ti rí ẹni tó ra ife ike tuntun lọ́pọ̀ yanturu, tí ẹnu kankan kò tíì kàn án, ó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó sì pe iṣẹ́ náà ní àtúnlò. Àtúnlò wo?

Ike kan kì í ṣe ike kejì

Màá pẹ́ díẹ̀ níbí, torí ibí ni àga mi kú sí.

Yí ìdí ike sókè, wàá rí nọ́ńbà kan láàárín ọfà mẹ́ta tó ń lé ara wọn kiri. Láti ọdún 1988 ni wọ́n ti ń lo nọ́ńbà wọ̀nyí, láti 1 dé 7. 1 ni PET tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi, 2 ni HDPE tí wọ́n fi ń ṣe ìgò ọṣẹ olómi, 3 ni PVC tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, 4 ni LDPE tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rá, 5 ni PP tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìdérí ìgò, 6 ni PS tí wọ́n fi ń ṣe ike fóòmù, 7 sì ni gbogbo èyí tó kù. Àwọn èèyàn rò pé nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí pé ike náà ṣeé tún lò. Rárá o, irú ike tó jẹ́ nìkan ló ń sọ.

HDPE ń yọ́ ní nǹkan bí 130 lórí ìwọ̀n Celsius, PP ní nǹkan bí 160, PET di nǹkan bí 250. Bí o bá dà wọ́n pọ̀ sínú mọ́ọ̀dù kan, ọ̀kan á ti máa jóná kí èkejì tó rọ̀. Kódà bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́, wọn kì í wọnú ara wọn, bí omi àti epo ni wọ́n rí. Tó bá tutù, á dà bíi pé ó ti gbà, àmọ́ bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Nínú ìdérí tí mo kó jọ, 2 wà níbẹ̀, 5 náà wà níbẹ̀, n kò sì yẹ abẹ́ ọ̀kan ṣoṣo wò. Ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé gan-an ni ẹsẹ̀ àga ti kán.

Bí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́, omi lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Gé ègé kékeré, kí o tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi tí o kán ọṣẹ díẹ̀ sí kí afẹ́fẹ́ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. 2, 4 àti 5 máa ń léfòó. 1, 3 àti 6 máa ń rì, àyàfi 6 onífóòmù tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Má ṣáná sí i láti fi dá a mọ̀. Tó bá lọ jẹ́ PVC, gáàsì hydrogen chloride ni yóò tú jáde, ó ń jó ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń jẹ irin iṣẹ́ rẹ. Èyí tí o kò bá mọ̀, má gbé e sórí iná rárá.

Má lo ófùùnù tí ẹ fi ń se oúnjẹ. Má fojú wọn ooru, wá ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Ike tó bá ti ń rú èéfín ti kọjá yíyọ́, ó ti ń jóná nìyẹn, fèrèsé tí o ṣí kò sì tó láti gbà ọ́ lọ́wọ́ èéfín yẹn. Tó bá wá yọ́ dáadáa, sùúrù ló kù: HDPE máa ń fi nǹkan bí ìdá méjì sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún súnkì bó ṣe ń tutù. Bí o bá yọ ọ́ nínú mọ́ọ̀dù nígbà tó ṣì gbóná, ojú rẹ ni yóò ṣe ká kò. Fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi tutù dé inú.

Gúlù ńkọ́? Kì í mú 2, 4 àti 5 dáadáa, ìbáà jẹ́ super glue, ìbáà jẹ́ epoxy. Fi síkúrù dè wọ́n, gbẹ́ ẹnu wọn kí ọ̀kan wọnú èkejì, tàbí kí o fi ooru jó wọn pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà wà ńlẹ̀. Dave Hakkens bẹ̀rẹ̀ Precious Plastic lọ́dún 2013 gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní Design Academy Eindhoven ní Netherlands, àwòrán bí a ṣe ń kan ẹ̀rọ tó ń lọ ike àti èyí tó ń yọ́ ọ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ohun iyì ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó fi odindi sáà ẹ̀kọ́ kan kan ẹ̀rọ ìlọ-ike. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ tán, dìsáìnì kò sí. Àlùmọ́gàjí tó fún ègé àkọ́kọ́.

Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀

Ohun tí o ṣà nílẹ̀ ti gbé ayé kan kí o tó bá a pàdé. Pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé máa ń ní òǹtẹ̀ lára. Bí o bá rí HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, ìwọ̀n 56 dé àárín igi fún 30 ìṣẹ́jú. Bí o bá rí MB, gáàsì olóró tó ń jẹ́ methyl bromide ni wọ́n fín in, fi í sílẹ̀. Èyí tí epo tàbí kẹ́míkà ti dà sí lára, HT kò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Páànù àtijọ́ tó ní asbestos, má gé e, má dá ihò sí i. Ọ̀dà ara igi tó ti pẹ́ lè ní òjé nínú, má fi sáńpépà ha á. Bátìrì fóònù, má gún un. Tó o bá fẹ́ gé gíláàsì tàbí kọnkéré, máa da omi sí i kí eruku má gbéra, kí o sì lo ìbomú tó ń sẹ́ eruku, torí aṣọ tí o so mọ́ imú kò lè dá eruku wẹ́lẹwẹ̀lẹ dúró.

Má kánjú sí ohun tó ti inú ìkòkò jáde

Ike tí a fi gelatin (tí wọ́n ń rí lára awọ àti egungun ẹran) tàbí agar (tí wọ́n ń rí lára ewé inú òkun), omi àti gilisaríìnì sè máa ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ, torí ọjọ́ tí o bá dà á ló máa ń lẹ́wà jù. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí omi yẹn ṣe ń lọ, á máa súnkì, etí rẹ̀ á máa gbéra, ohun tó kún férémù ní ọjọ́ Ajé á ti wá kéré sí i ní ọjọ́ Ajé kejì. Bí o bá dà á nípọn, òkè á gbẹ, inú á tutù, yóò sì bu. Gilisaríìnì ló ń mú un rọ̀: bó bá kéré jù, á máa fọ́ bí ẹ̀ẹ́rún, bó bá pọ̀ jù, á máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ nígbà òjò. Nítorí náà, má fi ṣíbí bù ú bó ṣe wù ọ́. Gbé e sórí òṣùwọ̀n, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì yí ẹyọ ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó yí mẹ́ta padà pọ̀ kò ní mọ èwo nínú wọn ló ṣe é.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí náà, sá a kó gbẹ kí o tó pò ó mọ́ ohunkóhun. Ní ti okùn funfun tí olú ń ta, tí àwọn kan ń gbìn sínú mọ́ọ̀dù láti fi ṣe nǹkan, bí o kò bá fi ooru pa ohun tó wà nínú ìyẹ̀fun igi tí o gbìn ín sí, èbu aláwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ gba ilé. Bó bá sì hù tán, yan án kó gbẹ, kó má baà máa dàgbà lọ.

Má purọ́ lórí ìwé pélébé

Kọfí tó lè jẹrà tẹ́lẹ̀, tí o wá fi epoxy bò mọ́lẹ̀, kì í jẹrà mọ́. O ti so ohun méjì tí ó yẹ kó gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ pọ̀ títí láé. PLA, ìyẹn ike tí wọ́n fi ṣúgà inú ohun ọ̀gbìn ṣe, náà kì í jẹrà bẹ́ẹ̀ lásán nínú ọgbà. Ó nílò ilé iṣẹ́ tí ooru ibẹ̀ tó nǹkan bí 60. Kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an, kó tán síbẹ̀.

Má sì fi ọ̀dà tuntun bo ibi tó ti wá. Kọ́bọ́ọ̀dù tí Piet Hein Eek, oníṣẹ́ dìsáìnì ará Netherlands, fi àjákù pákó ṣe lọ́dún 1990 gbé ọ̀dà àtijọ́ rẹ̀ síta ketekete, ohun tí ojú sì ń tẹ̀ lé lára rẹ̀ nìyẹn.

Má ju èyí tó bàjẹ́ nù

Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ègé tó kán, tó bu, tó ká kò, lẹ ìwé mọ́ gbogbo wọn: ọjọ́, ìwọ̀n, ooru, iye wákàtí. Ní ìparí ọdún, àwọn olùkọ́ pẹ́ lórí tábìlì àwọn ègé wọ̀nyí ju bí wọ́n ṣe pẹ́ lórí iṣẹ́ tí mo ṣe parí lọ. Ẹsẹ̀ àga yẹn ṣì wà nínú àpótí mi. Mo kọ ọ́ sí i lára: “2 àti 5, mo pò wọ́n pọ̀.”